Lọ́bísítà létí òkun pẹ̀lú wáìnì tútù: ìrírí mi

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú ilé oúnjẹ olówó ńlá, níbi tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ni lọ́bísítà, ohun elèèpo inú òkun tó jọ edé ńlá yẹn, ti ń dùn jù. Irọ́ ni jàre. Mo ti jẹ ẹ́ níbẹ̀, mo dẹ̀ ti jẹ ẹ́ níta gbangba létí òkun pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti sílípáàsì, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, etí òkun ni mò ń lọ. Nínú ilé oúnjẹ yẹn ńṣe ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra, ẹ ò fẹ́ kó ta sí yín láṣọ, ẹ ò fẹ́ kí ariwo èèpo tẹ́ ẹ̀ ń fọ́ dé tábìlì kejì, ẹ wá ń fi fọ́ọ̀kì kékeré yẹn tọ́ inú ẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá máa fi kó pléètì, ẹran ṣì kún inú èèpo, owó yín ni wọ́n kó lọ yẹn o. Lọ́bísítà kì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ń ṣe fújà. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, omi á tú jáde, bọ́tà á máa ro sílẹ̀, ọwọ́ á máa yọ̀, èèpo á ta lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì yín. Ìta gbangba nìkan ni gbogbo ìyẹn ò ti ní di ẹjọ́.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé kò ṣeé sáré jẹ. Ẹ fọ́ ọ̀kan lára ọwọ́ ẹ̀, ẹ yọ ẹran inú ẹ̀, ẹ rì í sínú bọ́tà, ẹ jẹ ẹ́, ẹ mu wáìnì díẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tún padà sídìí ẹ̀. Ọwọ́ yín á ti yọ̀ débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ kan fóònù, èmi ò mọ oúnjẹ míì tó ń gba fóònù lọ́wọ́ èèyàn láìsí ìjà. Àwọn tí mo mọ̀ pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, wọ́n ti sọ ìtàn fún mi nídìí lọ́bísítà, ìtàn tí mi ò retí rárá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ gan-an torí orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi. Èyí tó ní ọwọ́ ńlá méjì níwájú, òkun Atlantic ló ti ń wá, ọ̀kan wà lápá Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀kan wà lápá Yúróòpù. Èyí tí ò ní ọwọ́ ńlá, tó jẹ́ pé ìwo gígùn méjì tó le koko ló nà síwájú, inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló pọ̀ sí, ìrù ẹ̀ ni gbogbo ẹran wà, ìyẹn dáa fún yíyan lórí èédú, àmọ́ fún irú ìjókòó tí mò ń sọ yìí, ọlọ́wọ́ ńlá ni mo fara mọ́. Tẹ́ ẹ bá wo ọwọ́ méjèèjì yẹn dáadáa, ẹ máa rí i pé wọn ò rí bákan náà. Ọ̀kan nípọn, eyín ẹ̀ kujú, òun ló fi ń fọ́ ìkarahun ohun tó bá fẹ́ jẹ. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, òun ló fi ń ya ẹran. Ti àwọn kan, ọwọ́ ọ̀tún ló nípọn, ti àwọn kan, òsì. Lẹ́nu tèmi o, ẹran inú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló rọ̀ jù, ẹ má sọ fáwọn ọmọdé.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé nígbà kan rí ní New England, lápá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, oúnjẹ tálákà ni. Ó pọ̀ débi pé wọ́n ń kó o sóko bí ajílẹ̀. Ìgbà tí rélùwéè dé, tí wọ́n rí ọ̀nà gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò sún mọ́ òkun, làwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mẹ̀kúnnù du ú. Lónìí ní Maine, apẹja ò lè kó èyíkéyìí tó bá bọ́ sínú pańpẹ́ ẹ̀. Wọ́n máa ń wọn ẹ̀yìn ẹ̀, láti ihò ojú dé ibi tí èèpo ẹ̀yìn parí sí, kò gbọ́dọ̀ kéré sí íńṣì 3¼, kò dẹ̀ gbọ́dọ̀ ju íńṣì 5 lọ. Tó bá jẹ́ abo tó gbé ẹyin sábẹ́ ìrù, apẹja á gé àmì bíi lẹ́tà V sí i nírù, á dà á padà sómi, ẹlòmíì tó bá rí i lọ́jọ́ míì tó rí àmì yẹn ò gbọ́dọ̀ mú un, kódà kó máà sí ẹyin lára ẹ̀ mọ́. Ó sì máa ń lò tó ọdún 5 sí 7 kó tó dàgbà tó ohun tí wọ́n lè pa. Àtìgbà tí mo ti mọ̀yẹn ni mi ò ti lè wo ẹni tó bá fi ẹran sílẹ̀ nínú ẹsẹ̀ ẹ̀ kí n má sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ààyè ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbé e sókè láti ẹ̀yìn, tó bá ń ju ọwọ́, tó ń ká ìrù ẹ̀ mọ́ abẹ́ pátápátá, ẹ mú un. Èyí tó bá rọ̀ jọwọlọ, tí ìrù ẹ̀ ń ṣe fìrìfìrì, ẹ dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà sọ fún yín pé oorun ló ń sùn. Tó bá ti kú láìsè, kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń yára pọ̀ nínú ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo májèlé tí wọ́n bá fi síbẹ̀ ni iná lè pa. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, inú fíríìjì ni, ẹ fi ìwé ìròyìn tó tutù bò ó, ẹ má dì í pa sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má dẹ̀ fi sínú omi ẹ̀rọ torí omi tí kò ní iyọ̀ á pa á. Ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ sè é. Rọ́bà tí wọ́n fi de ọwọ́ ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí tó fi máa jinná, mo ti rí ọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ ṣàánú ẹ̀, ó tú u, ká má tiẹ̀ sọ̀rọ̀ ìka ẹ̀ síbí.

Wọ́n á bi yín níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á, ṣé elèèpo líle ni tàbí elèèpo rírọ̀, ẹ má kàn dáhùn pé èyíkéyìí. Lọ́bísítà máa ń bọ́ èèpo ẹ̀ sílẹ̀ tó bá ń dàgbà, á wá gbé èèpo tuntun wọ̀ tó tóbi ju ara ẹ̀ lọ, omi ló máa wà nínú àlàfo yẹn títí ara ẹ̀ á fi kún un. Ìyẹn ni elèèpo rírọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́hùn-ún ló máa ń jáde, ẹran ẹ̀ kéré, àmọ́ ó ládùn, ó rọ̀, ẹ lè fi ọwọ́ lásán ya á. Elèèpo líle ló ní ẹran jù, òun ló sì lè rìnnà jíjìn láìkú, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò irin láti fọ́ ọ. Fún etí òkun, tó bá wà, elèèpo rírọ̀ ni tèmi, kí n ra méjì dípò ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé pé nínú gbogbo ìwọ̀n tí wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n fún yín, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jẹ́ ẹran, èyí tó kù èèpo ni àti omi. Ẹni tó bá ṣírò ìyẹn á mọ̀ pé kò sí bí ọ̀kan ṣe máa yó ọkùnrin méjì.

Ìdí ìkòkò ló kàn. Kì í rọrùn fún gbogbo èèyàn láti ju ohun tó ń rìn sínú omi gbígbóná, mi ò dẹ̀ ní fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní Switzerland, láti oṣù kẹta 2018, òfin ti wà pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ààyè ni wọ́n máa jù ú sómi tó ń hó láìkọ́kọ́ mú kó dákú. Ohun témi ń ṣe ni pé mo máa gbé e sínú fírísà bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ara ẹ̀ kú, lẹ́yìn náà mo máa fi ọ̀bẹ ńlá gún orí ẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn ojú, kó tó wọ ìkòkò. Omi inú ìkòkò gbọ́dọ̀ pọ̀, bíi lítà 3 fún lọ́bísítà kan, iyọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti òkun, ìyẹn gíráàmù 35 nínú lítà kan. Tí omi òkun ibi tẹ́ ẹ wà bá mọ́, kí lẹ tún ń wá iyọ̀ kiri fún? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹja rí dúró tì mí níjọ́ kan tí mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sínú ìkòkò pọ̀, ó ní, “Àbúrò, má kó wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, omi á tutù, ìwọ náà ò dẹ̀ ní mọ ìgbà tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa àwọn èèyàn o.” Ó ní, “Jẹ́ kí ebi pa wọ́n.” Òótọ́ ló sọ. Ìgbà tí omi bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó padà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, tó bá wọn bí ìdajì kílò, ìṣẹ́jú 8 sí 10 ti tó, tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ ẹ fi díẹ̀ kún un. Ẹ fa ọ̀kan lára ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí ẹ̀ wò, tó bá já lọ́wọ́ yín láìsí wàhálà, ó ti jinná. Ẹ má ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kó jinná dáadáa si, rọ́bà lẹ máa jẹ.

Ẹ ò ní lè gbé àwọ̀ pupa ẹ̀ yẹn kúrò níwájú àwọn ọmọ, wọ́n á bi yín bó ṣe jẹ́, torí nígbà tó wọlé dúdú ló rí, ó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé àti búlúù. Pupa yẹn ti wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, astaxanthin lorúkọ ẹ̀, prótéènì kan ló dì mọ́ ọn tó pa àwọ̀ ẹ̀ dà, iná ló tú prótéènì yẹn ká tí pupa fi yọ. Nǹkan funfun tó ń yọ̀ tẹ́ ẹ bá rí lára ẹran, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ni tó dì nínú iná, kò ṣe nǹkan kan, ẹ jẹ ẹ́. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó wà láyà ẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nìyẹn ń ṣe. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bí ẹ̀mí wọn. Èmi ò jẹ ẹ́ mọ́, torí ibẹ̀ ni májèlé inú omi máa ń kó jọ sí tó bá wà, kódà ní 2008 àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ẹran funfun ò ní ìṣòro yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan pupa tó le díẹ̀ nínú abo, ẹyin ẹ̀ nìyẹn, ìyẹn dùn.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń tú u, mo máa sọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ lè dì í mú. Ẹ di ọwọ́ ńlá mú nídìí ibi tó ti so mọ́ ara, ẹ yí i, á já. Ẹ tún yí ìsopọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ àti ara, ẹran inú àwọn kókó wọ̀nyẹn kéré ṣùgbọ́n òun làwọn ọlọ́gbọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, síṣọ́ọ̀sì lẹ máa fi la á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọrùn ju irin lọ. Tó bá kan ọwọ́ fúnra ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mi ìka kékeré ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ẹ wá fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, á bọ́ jáde pẹ̀lú egungun pẹlẹbẹ kan tó dà bí ìyẹ́, lẹ́yìn náà ẹ wá fọ́ èyí tó kù láàárín, ẹran á yọ lódidi. Ẹ ká ìrù kúrò lára, ẹ ṣẹ́ àwọn ewé tó wà níparí ìrù, ẹ ti ìka yín bọ ihò kékeré tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ tì í, gbogbo ẹran ìrù á yọ láti òdìkejì. Okùn dúdú tó gba àárín ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá, ìfun ni, ẹ fà á dànù. Wàyí o, ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ wọ̀nyẹn tí gbogbo èèyàn ń jù nù! Ẹ tò wọ́n sórí pátákó, ẹ gbé ìgò wáìnì tẹ́ ẹ ti mu tán, ẹ yí i lórí wọn láti ẹnu ìka bọ̀ síbi tẹ́ ẹ ti já a, ẹran tín-ín-rín á máa yọ jáde bí okùn, ẹ rì í sínú bọ́tà. Àwọn tí mo fi hàn rí ò ju ẹsẹ̀ nù mọ́.

Bọ́tà, ẹ fi iná jẹ́jẹ́ yọ́ ọ, foomu funfun tó bá léfòó ẹ bù ú dànù, ẹ da òróró wúrà yẹn sínú kọ́ọ̀bù kékeré fún olúkúlùkù, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ má bá a lọ. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, á dì kíákíá, nítorí náà kí kọ́ọ̀bù wà nínú omi gbígbóná. Lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀, ó parí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ da gálíìkì, ata, ewé oríṣiríṣi sí i, àwọn ló mọ̀, ẹran yẹn ládùn tiẹ̀ lára, tẹ́ ẹ bá fi ata bò ó, ẹ lè ra edé kékeré kẹ́ ẹ fowó yín pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀rọ̀ wáìnì. Nǹkan tó ń jẹ́ kí wáìnì bá lọ́bísítà mu ni kíkan ẹ̀, bọ́tà ń bo ahọ́n, iyọ̀ ń jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ èèyàn, wáìnì funfun tó kan díẹ̀ á gbá gbogbo ẹ̀ lọ, ẹnu á tún mọ́, ẹ ó tún fẹ́ jẹ sí i. Chardonnay, wáìnì funfun kan, lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pè, kò burú, tó bá ṣe pé adùn igi àgbá tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí ò pọ̀ jù nínú ẹ̀. Chablis, tó wá láti àríwá Burgundy ní Faransé, Chardonnay náà ni, ṣùgbọ́n ó mú, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn ín sí kún fún ìkarahun ọ̀ìstà ayé àtijọ́ tó ti di òkúta, bóyá ìyẹn ló ń jẹ́ kó bá òkun mu ni àbí èrò tèmi lásán ni, ẹ tọ́ ọ wò. Èyí tí mo máa ń rà jù ni Muscadet, láti ìtòsí Nantes níbi tí odò Loire ti ń wọ òkun, àwọn tó ń ṣe é ti ń fi jẹ ohun inú òkun tipẹ́, kì í ṣe wáìnì ẹ̀yẹ, kò dẹ̀ wọ́n, tó bá dà sílẹ̀ inú ò ní bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí Albariño láti Rías Baixas ní Sípéènì, ẹ gbé e. Riesling gbígbẹ, ìyẹn èyí tí kò dùn bíi ṣúgà, ti Jámánì náà dáa tí ata bá wà nílẹ̀. Ṣáńpéènì ń kọ́? Ó dùn mọ́ ọn gan-an, àmọ́ ẹ̀mí èmi ò gbé e kí n máa fi ọwọ́ tó kún fún bọ́tà ṣí ṣáńpéènì.

Wáìnì pupa ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìgò pupa tó wúwo wá, ó ní òun ò kí ń mu funfun, ó mu ún lórí lọ́bísítà, ojú ẹ̀ yí padà, ó ní ẹja ń run lẹ́nu òun, ó wá fẹ́ máa dá lọ́bísítà wa lẹ́bi. Kì í ṣe lọ́bísítà o. Ní 2009 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Jàpáánì gbé ìwádìí jáde pé èròjà irin tó wà nínú wáìnì ló ń fa òórùn ẹja yẹn lẹ́nu èèyàn tó bá fi jẹ ohun inú òkun, ọ̀pọ̀ wáìnì pupa ni irin pọ̀ nínú ẹ̀ ju funfun lọ. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn tó jẹ́ pupa nìkan ló ń mu, ẹ ra rosé, wáìnì aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, fún un, kó jọ̀wọ́ wa.

Tútù ẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ ẹ̀ lọ. Wáìnì olówó gọbọi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú oòrùn, mi ò fẹ́, ẹ bá mi gbé èyí tó pọ́ọ́kú tó tutù wá. Nǹkan táwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á da áìsì sínú kúlà, wọ́n á gbé ìgò lé e lórí, wọ́n á máa retí. Ẹ da omi sí áìsì yẹn kó bo ìgò dé ọrùn, ẹ wọ́n iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ó ti ṣe tán, torí omi ń kan gbogbo ara ìgò, iyọ̀ sì ń jẹ́ kó tutù ju áìsì lásán lọ. Kọ́ọ̀bù kékeré aláìlẹ́sẹ̀ lẹ máa lò, kì í ṣe gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, iyanrìn ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìyẹn dúró. Ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀, èyí tó kù padà sínú kúlà. Ìgò tó ń ṣí bí ìgò omi ni kẹ́ ẹ rà, mo ti rí àwọn géńdé mẹ́ta tó jókòó yí ìgò kan ká tí wọ́n ń wá ìṣó, ẹni tó yẹ kó mú irin tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì wá ń wo òkè.

Òkun fúnra ẹ̀ kì í bá èèyàn ṣeré. Ẹ wo àkókò tí omi máa kún kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹní, èyí wà lórí fóònù fún ibi tó pọ̀, torí láti ìgbà tó kún dé ìgbà tó tún máa kún, bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 ni, kò dẹ̀ dúró de ẹni tó ń jẹun. Ní Bay of Fundy ní Kánádà, tó jẹ́ ibi tí lọ́bísítà pọ̀ sí, omi lè gòkè tó mítà 16, ẹ ronú wo. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ lé e: ẹ fi pátákó tàbí òkúta ṣe ìbòòjì fún sítóòfù gáàsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa jókòó ti omi tí kò fẹ́ hó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ tẹ́ sórí tábìlì, ẹ fi òkúta tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ẹyẹ funfun etí òkun yẹn, olè paraku ni wọ́n, wọ́n á dúró jẹ́jẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ò kàn wọ́n, ẹ kàn yíjú báyìí, ìrù odidi ti gòkè lọ. Ẹ má fún wọn ní ẹyọ kan, kódà bí àánú wọn bá ń ṣe yín, torí tí ọ̀kan bá ti jẹ, ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀, ẹni tó bá ń tú lọ́bísítà nínú òkùnkùn, èèpo ló máa jẹ.

Kẹ́ ẹ tó pe àwọn èèyàn, ẹ bi wọ́n bóyá ara wọn gba ohun elèèpo inú òkun. Ẹni tí edé tàbí alákàn bá ń yọ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kí lọ́bísítà yọ òun náà lẹ́nu torí prótéènì tó fara jọra ló wà nínú wọn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ara yíyún lásán, ó lè dí ọ̀nà èémí. Kó dẹ̀ má jẹ́ pé ẹ kàn sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó má jẹ, ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ tiẹ̀ sí, kí omi tó ń ta láti ibi tẹ́ ẹ̀ ń fọ́ tiyín má débẹ̀. Ẹ tún wá ẹnì kan tí kò ní mu ọtí, tó máa wa ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn etí òkun kan ò gba ọtí rárá, àwọn míì gba ọtí, wọn ò gba ìgò, ẹ kà á lára pátákó tí wọ́n gbé síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó já ẹrù sílẹ̀. Tí wọn ò bá gba iná, ẹ sè é nílé, ẹ gbé e sínú áìsì, ẹ lọ jẹ ẹ́ ní tútù pẹ̀lú lẹ́mọ́ọ̀nù àti mayonéèsì, mi ò ní purọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn tútù yẹn ju gbígbóná lọ, ní pàtàkì tí oòrùn bá mú.

Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ti èèpo, torí èmi máa ń fẹ́ dì í sínú náílọ́ọ̀nù dànù ni. “Ẹ̀yin lẹ sanwó ẹ̀, ẹ wá fẹ́ da ìdajì ẹ̀ nù,” lohun tó sọ. Ó kó gbogbo ẹ̀ bọ inú kúlà tí wáìnì ti ṣófo nínú ẹ̀, ó gbé e délé, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ó dín in díẹ̀ nínú òróró pẹ̀lú àlùbọ́sà, ó da omi sí i, ó gbé e ka iná jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 40, ó sẹ́ ẹ, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù yẹn lè se ìrẹsì, ó lè di ọbẹ̀. Tí ó bá ti rẹ̀ yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ da èèpo sínú náílọ́ọ̀nù, kó wà nínú fírísà mọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ jù ú nù náà, ẹ dì í lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ gbé e jáde sí ìta lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dàárọ̀ torí òórùn ẹ̀ á jí gbogbo ilé. Ọwọ́ yín ńkọ́, ẹ fi lẹ́mọ́ọ̀nù tó ṣẹ́ kù ra á kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.